Ògiri Inú Ààrò

Orí ni Ìbídùnní fi kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ti mọ ògiri sínú ààrò búrẹ́dì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdájí bó ti máa ń ṣe, ó gbé àtùpà lọ́wọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti igi ìdáná síwájú, ó sì ti orí bọ ẹnu ààrò. Iwájú orí rẹ̀ gbá ohun kan tó tutù. Ó gbé àtùpà sókè. Ògiri ni lóòótọ́. Búlọ́ọ̀kù amọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, láti ẹnu ààrò lọ dé ẹ̀yìn, láti ilẹ̀ lọ kan òrùlé. Ẹrẹ̀ náà kò tíì gbẹ. Ipa ìka ẹni tó fi ọwọ́ pa á ṣì hàn lára rẹ̀.

"Irú kí lèyí?"

Ohùn rẹ̀ lu òrùlé ààrò, ó sì padà wá bá a.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá ju igi sílẹ̀ kó padà lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó ti po ìyẹ̀fun ná. Àpò fùláwà méjì lòun àti Àsíátù ọmọ rẹ̀ ti pò láti òru, wọ́n ti fi ẹ̀rọ nà án, wọ́n ti gé e sínú páànù, wọ́n sì ti fi àpò bò ó kó lè wú. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de àlìkámà òkè òkun, fùláwà ti di ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ wá bí ẹran tó sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá méjì yìí, ó dé Kárù, ó dé Gwagwaláda. Igba búrẹ́dì ńlá ni káńtíìnì kan ní Maitama fẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ́ ilé fún àwọn ọ̀gá ìjọba. Aago kan ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn máa dé. Wọ́n ní kí wọ́n fi tòní dán an wò: bí búrẹ́dì bá pé, tó sì dára, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa wá gbé e, bí kò bá pé, alábúrẹ́dì pọ̀ ní Gàríkí.

Ó rí ọkọ rẹ̀, Ọláníyan, lórí àpótí níwájú ilé, ó ń rin pákò.

"Bàbá Àsíátù, ẹ kú ìdájí."

"Ṣé dáadáa la jí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wọ inú ààrò?"

"Ògiri ni."

"Mo rí i pé ògiri ni. Orí mi ti kí i. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Ọláníyan tutọ́ pákò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àdéhùn ni. Apá ọ̀tún tiwa, apá òsì tiwọn. Kí kálukú dáná tirẹ̀, kí kálukú yan tirẹ̀. Èmi ò lè máa bá ọ̀dàlẹ̀ pín ooru kan náà."

"Ta ló mọ ọ́n?"

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Èmi ni mo to búlọ́ọ̀kù. Jàbárù ló po ẹrẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ta ni kó wá mọ ọ́n? Ṣé a lówó bíríkìlà ni?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dúró sẹ́nu ààrò lálẹ́ àná, tí ẹnì kan ń na ẹrẹ̀, tí ẹnì kejì ń gbà á."

"A ò bára wa sọ̀rọ̀," ni Ọláníyan wí, bí ẹni tó ń fọ ara rẹ̀ mọ́.

Ìbídùnní wò ó títí. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wá. Láti ọjọ́ ìbò, ohun kan ṣoṣo tí àwọn ọkùnrin méjì yìí jọ ṣe ní àṣepé ni ògiri tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá ni wọ́n dìbò káńsẹ́lọ̀ ní Ǹyáǹyà, ìbò ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Kò sí ìwé ìdìbò, kò sí àpótí, kò sí kọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fara pa mọ́ sí. Ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ gbé àwòrán ọmọ wọn wá. Wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sára igi máńgòrò, wọ́n gbé èkejì kọ́ sára ògiri ilé ìwé, wọ́n ní kí kálukú lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Ọ̀kan dé fìlà nínú àwòrán tirẹ̀, èkejì lo gíláàsì ojú, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi pín sí Onífìlà àti Onígíláàsì. Wọ́n ka orí èèyàn bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Onígíláàsì fi orí mọ́kànlá wọlé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Jàbárù, tó ti wà lẹ́yìn Ọláníyan gan-an lórí ìlà Onífìlà, tó ń mí sí i lọ́rùn, yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ èkejì, ó rìn kọjá lójú gbogbo ayé, ó sì lọ tò sọ́hùn-ún. Àwọn mẹ́fà kan tẹ̀ lé e.

Ọdún keje rèé tí wọ́n ti jọ ní ààrò náà. Wọ́n jọ mọ ọ́n, wọ́n jọ ń ra igi. Iná ẹ̀ẹ̀kan náà ni ilé méjèèjì ń lò: Ìbídùnní á yan tirẹ̀ nígbà tí ooru le, Mùfúlíátù ìyàwó Jàbárù á yan búrẹ́dì wẹ́wẹ́ nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Ooru tó kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹja ni wọ́n fi ń yan. Kò sí ohun tó ń ṣòfò.

"Bàbá Àsíátù, ìdajì ààrò ò gbà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Igba ni mo gé sínú páànù."

"Yan án lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìyẹ̀fun tó ti wú máa dúró dè mí?"

"Sọ fún Jàbárù. Òun ló gbé orí méje fún àwọn onígíláàsì."

Ìbídùnní fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó padà lọ dáná sí apá ọ̀tún.

Bí ààrò ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àdììtú. Àárín ni à ń dáná sí. Ọwọ́ iná á gun òkè, á kan òrùlé tó tẹ̀ kọdọrọ, á tàn kiri, á sì yí padà wá sí ẹnu ọ̀nà. Èéfín á gba òkè ẹnu ààrò jáde, afẹ́fẹ́ tútù á gba ìsàlẹ̀ ẹnu kan náà wọlé, bí èèyàn tó ń mí. Bíríkì á máa mu ooru. Òrùlé á kọ́kọ́ dúdú fún èéfín. Nígbà tí ooru bá tó, èéfín tó lẹ̀ mọ́ ọn á jóná fúnra rẹ̀, òrùlé á sì funfun bí awọ ara nígbà ọyẹ́. Ìgbà yẹn ni à ń kó ẹyín iná jáde, tí à ń fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó bu fùláwà díẹ̀ jù sí i, a ó ka ení dé ẹ̀wá. Bó bá pọ́n, ààrò ti tó. Bó bá dúdú, ooru ti pọ̀ jù, ká ní sùúrù.

Ògiri yìí ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó dúró sí àárín ẹnu ààrò bí eegun nínú ọ̀fun. Iná kò rí ibi tàn sí, èéfín àti afẹ́fẹ́ ń du ihò tóóró kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ tútù sì ń mu ooru tó yẹ kí bíríkì mu. Òógùn ń ṣàn lára ògiri. Ní aago mẹ́jọ, òrùlé ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìyá Sẹ̀kínátù, tó ń din àkàrà lójú títì, na ọrùn wá. "Ìyá Àsíátù, ṣé búrẹ́dì lẹ̀ ń yan ni àbí ẹ̀ ń yan àwa aládùúgbò?"

"Ẹ má bínú, màmá."

"Wọ́n ní ẹ ti pín ààrò. Oníbàárà mi kan ní òun ò ní ra búrẹ́dì apá òsì mọ́ láé, pé búrẹ́dì onígíláàsì ni. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, ṣé gíláàsì ló máa jẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn kan ò bá mi ra àkàrà mọ́ láti ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní wọ́n rí mi lọ́dọ̀ onífìlà. Ibi tí òjìji wà ni mo dúró sí, ọmọ mi. Oòrùn mú." Ó bojú wo inú ààrò. "Ilé tí a fi itọ́ mọ…"

Kò parí rẹ̀. Máígàdí ilé kejì tó wá ra àkàrà wo èéfín náà, ó di imú, ó ní, "Kai!" Ó sì kọjá lọ.

Ìgbà náà ni Mùfúlíátù dé pẹ̀lú igi lórí. Ó kúnlẹ̀ kí Ìbídùnní, kò sì gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyá Mùíbì, kí lo fẹ́ fi igi ṣe?"

"Wọ́n ní kí n dáná sí apá òsì."

"Ta ni 'wọ́n'?"

"Bàbá Mùíbì."

"Ó dáa. Dá a."

Mùfúlíátù dá a. Èéfín di ìlọ́po méjì. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹnu ààrò kan ṣoṣo, èjìká kan èjìká, tí kálukú ń fẹ́ iná tirẹ̀, tí omi ojú ń dà pọ̀ọ̀. Ìbídùnní ló kọ́kọ́ wú ikọ́. Mùfúlíátù bu omi fún un, ó mu ún, ó sì dá ife padà.

"Mùfúlíátù."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni ọkọ rẹ ń wá lọ́dọ̀ onígíláàsì? Òun àti Bàbá Àsíátù ni wọ́n jọ lẹ àwòrán onífìlà kiri. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́. Ẹ̀kọ tí mo se ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́."

Mùfúlíátù fi igi yí ẹyín iná kiri.

"Onílẹ̀ wa ni, ẹ̀gbọ́n. Onílẹ̀ tó ni ibi tí ààrò yìí wà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni onígíláàsì. Ó jókòó sábẹ́ ògiri ilé ìwé lọ́jọ́ náà, ó ní ìwé, ó ní bíró, ó ń wo ojú èèyàn. Kí wọ́n tó tò, ó pe Bàbá Mùíbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, 'Jàbárù, ààrò yín yẹn, ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, mo ti rí ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i.' Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé."

"Ó wá kọjá sọ́hùn-ún."

"Adìẹ bà lókùn, ẹ̀gbọ́n. Ara ò rọ okùn…"

"Kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fara mọ́ ọn kí wọ́n pe òun ní ọ̀dàlẹ̀ ju kí wọ́n pe òun ní ojo lọ. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́. Bó bá gbọ́ pé mo sọ fún un yín, ilé á gbóná ju ibí yìí lọ."

Ìbídùnní wo iná. Nítorí náà, ẹsẹ̀ tí Jàbárù yọ lórí ìlà ni kò jẹ́ kí ààrò di ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀san rẹ̀ sì ni ògiri yìí, tí òun fúnra rẹ̀ po ẹrẹ̀ rẹ̀.

"N ò ní sọ ọ́," ni ó wí.

Nígbà tí aago mẹ́wàá fi lù lórí rédíò, Àsíátù sáré wá láti ilé. "Màmi, the bread o! It don reach."

"Sọ Yorùbá."

"Ó ti… ó ti kún."

Ìbídùnní lọ ṣí àpò. Ìyẹ̀fun ti wú kọjá etí páànù. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan. Ihò náà kò dìde padà. Ó tẹ òmíràn lápá ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gé e. Ó mí fùú, ó sì rì. Ìyẹn ti kọjá àkókò. Bó bá fi di aago mọ́kànlá àbọ̀, gbogbo rẹ̀ á kan, á sì rì bí ẹsẹ̀ arúgbó nínú ẹrẹ̀. Ìyẹ̀fun kò mọ onífìlà, kò sì mọ onígíláàsì. Ó mọ aago.

Ó padà dé ẹnu ààrò. Òrùlé ọ̀tún dúdú. Òrùlé òsì dúdú. Ó mú ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n fi ń kó ẹyín iná.

"Ìyá Mùíbì, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mùfúlíátù wo ọ̀pá náà, ó wo ògiri. Kò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Ó di ìdí ọ̀pá náà mú pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n jọ tì í lẹ́ẹ̀kan, ògiri mì. Wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kejì, òkè rẹ̀ ya kúrò lára òrùlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wó kalẹ̀ sórí iná, ẹyín fọ́n ká, eérú rú jáde, àwọn obìnrin méjèèjì sì fò sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo. Iná ọ̀tún àti iná òsì rí ara wọn. Wọ́n so pọ̀, wọ́n gun òkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Ariwo náà pe àwọn ọkọ. Ọláníyan gba iwájú dé, Jàbárù gba ẹ̀yìn, bí ẹni pé ọ̀nà pàápàá ti pín sí méjì.

"Ta ló wó o?" Ọláníyan lọgun. "Ìbídùnní, ìwọ lo wó o? O wó ògiri nítorí ọ̀dàlẹ̀ yìí?"

Jàbárù dúró. Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gun Ìbídùnní lọ́fun, ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Mùfúlíátù ń wò ó. Ìbídùnní gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egbòogi mì.

"Nítorí búrẹ́dì ni mo ṣe wó o."

"Màá tún un mọ lọ́la!"

"Ẹ mọ ọ́n. Lónìí, ìdọ̀tí tí ẹ kó sínú ààrò mi, ẹ wá kó o jáde. Ìyẹ̀fun mi ń kú."

Ó fi ọ̀pá fa búlọ́ọ̀kù tó fọ́ wá sí ẹnu ààrò. Ó gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó tẹ́ àpò tútù sílẹ̀, ó ti búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀, àpò náà sì ń ṣe ṣìì. Ọláníyan di igun méjì mú, ó gbé e. Ó wúwo, ó fẹ́ dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Ìyá Sẹ̀kínátù ti fi àkàrà sílẹ̀ lórí iná, ó ń wòran.

Jàbárù bẹ̀rẹ̀, ó di igun méjì tó kù mú.

Wọ́n gbé e.

"Mùfúlíátù," ni Ọláníyan wí, bó ti ń rìn sẹ́yìn, "sọ fún ọkọ rẹ kó gbé apá tirẹ̀ sókè."

"Ìyá Àsíátù," ni Jàbárù náà wí, "ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé apá tèmi wà lókè. Tirẹ̀ ló ń wọ́lẹ̀."

"Sọ fún un pé kó wo ẹ̀yìn mi, kòtò wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti rí kòtò. Kó yà sọ́tùn-ún."

Ó yà sọ́tùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n bọ̀. Kò sí obìnrin tó jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àpò náà kò sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kó tó di aago mọ́kànlá, òrùlé ti ń ṣí. Funfun náà bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó ń tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí òwúrọ̀. Ìbídùnní kó ẹyín jáde, ó nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí iyanrìn ògiri, ó ju fùláwà sí i, ó sì ka ení dé ẹ̀wá. Ó pọ́n. Ó fi ṣọ́bìrì igi ti páànù wọlé láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nígbà tó kà á tán, ọgbọ̀n páànù tirẹ̀ ló ti rì, tí kò ṣeé gbé fún onírà.

"Ìyá Mùíbì, mélòó lo pò?"

"Àádọ́ta, páànù ńlá ni lónìí. Fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibí."

"Ṣé o lè yá mi ní ọgbọ̀n?"

Mùfúlíátù ti ń gbé wọn bọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ti wọn wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n gbé ilẹ̀kùn irin dí ẹnu ààrò, wọ́n sì fi ẹrẹ̀ ògiri tó wó dí etí rẹ̀ kí ooru má baà jáde. Ẹrẹ̀ náà dára fún ìyẹn.

Píkọ́ọ̀pù Maitama dé ní aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Babalọlá, awakọ̀ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀, ó fa òórùn búrẹ́dì símú, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó rí i tó dìde padà. Ó ka igba. Ó pé.

"Kò burú rárá," ló wí. "Lọ́la ńkọ́? Aago kan náà? Ọ̀gá ní kí n gba ìdáhùn bọ̀."

Ìbídùnní wo ọkọ rẹ̀. Mùfúlíátù wo ọkọ tirẹ̀. Ọláníyan jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ kún fún eérú. Jàbárù dúró ti ẹ̀gbẹ́ àkójọ igi, ó ń wo títì. Awakọ̀ náà ń fi kọ́kọ́rọ́ lu itan.

"Mùfúlíátù," ni Ọláníyan wí nígbẹ̀yìn, kò sì gbójú kúrò nílẹ̀, "sọ fún ọkọ rẹ pé igi tó wà nílẹ̀ yìí ò lè tó tọ̀la."

Jàbárù wú ikọ́ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àáké.

"Ìyá Àsíátù, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Ìbídùnní kò jíṣẹ́ kankan. Ó sọ fún awakọ̀ pé aago kan ni, ó sì kó páànù lọ sídìí omi.